Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Àgò Kejì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà gígùn kì í wù yín gbà, ṣùgbọ́n ẹ fún ìyá arúgbó yìí láyè lẹ́ẹ̀kan péré.

Ojú-ìwé ìlera yín ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú gègé. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ìwòsàn ti dé fún ẹ̀dọ̀ tó bá ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì ààyè, ìyẹn àwọn ẹyọ wínníwínní tí ara wa pa pọ̀ jẹ́, ni wọ́n ń fi sára aláìsàn báyìí, tí ẹ̀dọ̀ yóò sì jí padà. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo tún un kà. Kò síbi tí ẹ ti sọ pé ẹranko ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ la ti rí i pé èlírí ni, eku funfun kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ìdajì ẹyin adìyẹ lọ.

Ẹ lè ní kí ló kan ìyá arúgbó nínú ọ̀rọ̀ eku. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹranko yunifásítì kan. Ní 1983 tí mo wọ ibẹ̀, agbálẹ̀ ni mí: mò ń kó ìgbẹ́ eku, mò ń da ìyẹ̀fun pákó tuntun sínú àgò, mò ń fọ ìgò omi wọn. Nígbà tí n ó fi fẹ̀yìn tì ní 2014, èmi ni ọ̀gá àwọn olùtọ́jú ẹranko, akẹ́kọ̀ọ́ kan ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan eku láìjẹ́ pé mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọrùn rẹ̀ mú tí kò fi ní bù ú jẹ. Ìyá Eléku ni wọ́n ń pè mí. Títí dòní, bí mo bá ń ra tàtàṣé ní Bódìjà, ẹnì kan lè ti òdì kejì ọjà kígbe orúkọ náà, àwọn aláta á sì máa wo inú apẹ̀rẹ̀ mi bóyá eku gbígbẹ ni mo gbé wá tà.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni. Májèlé kan wà tó ń jẹ́ carbon tetrachloride, àwa a máa gé e kúrú sí "carbon tet". Òórùn rẹ̀ dùn, ó jọ ti ilé tí wọ́n ti ń fọ kóòtù láìfi omi kàn án. Wọn á pò ó mọ́ òróró ólífì, wọn á fi gún eku lábẹ́rẹ́ níkùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, irun eku náà á ti dìde, á ká gúlútú sí kọ̀rọ̀ àgò, oúnjẹ ò ní wù ú. Bí wọ́n bá la inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó pọ́n dòdò á ti wú, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣì bíi ti ẹ̀dọ̀ adìyẹ àgíríìkì.

Ẹ jẹ́ n wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgò fún yín, nítorí òun gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Eku tó wà nínú àgò kìíní, wọn ò fi nǹkan kan ṣe é. Èyí tó wà nínú àgò kejì gba májèlé, kò sì rí oògùn kankan gbà lẹ́yìn rẹ̀. Láti àgò kẹta lọ ni májèlé pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń dán wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kì í fẹ́ràn àgò kejì, ó máa ń jọ ìfiṣòfò lójú wọn. Ọmọbìnrin kan bẹ̀ mí rí pé kí n jẹ́ kóun fún àwọn yẹn náà ní àgbo tóun ń dán wò, àánú wọn ń ṣe òun. Ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti lọ sinmi báyìí, gbọ́ ọ, ó ní adájọ́ lọmọ yìí fẹ́ lé kúrò ní kóòtù yẹn.

Òótọ́ ló sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo fojú ara mi rí eku àgò kejì tó ti ń jẹun ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, bí májèlé rẹ̀ kò bá ti pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló wo ara rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ kò dà bí àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Láti 1931 ni àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà, Higgins àti Anderson, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku sọnù, kò ní ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ìwọ̀n ẹ̀dọ̀ náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé padà. Ọ̀gá mi ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo di iná mú fún un. Nígbà tá a tún un là, ewé ẹ̀dọ̀ tó gé kò hù padà. Àwọn tó ṣẹ́kù ló wú títí wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe torí ẹ̀jẹ̀, ìyanu ló gbà mí lọ́kàn. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní oògùn òun jí ẹ̀dọ̀ dìde, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá du oyè.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò mi.

Ọmọ ọdún 25 ni. Ní ọdún tó kọjá, ibà mú un. Ó ń lo paracetamol, ó tún ń lo oògùn ọ̀fìnkìn, ó tún ń lo oògùn ara ríro tí wọ́n kì í ní páálí, kò mọ̀ pé paracetamol kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ó wá ń fi àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ sìn ín. Hóró 8 onímílígíráàmù 500 ló yẹ kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́; nígbà tí dókítà bá wa ka ohun tó lò, ó ti ń lo nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní kí ẹ̀dọ̀ ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn o: kì í fún èèyàn lóṣù mẹ́ta kó fi ronú.

Ilé ìwòsàn gbà á. Wọ́n ní ká wá oògùn kan tó ń jẹ́ acetylcysteine, apẹ̀rọ̀ májèlé paracetamol ni. Èkó la ti rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ọkọ̀ òru gbé e wá. Àárín kan náà ni ẹnì kan ta agolo ìyẹ̀fun kan fún àbúrò mi ní ₦45,000, ó ní sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, pé ohun tí àwọn dókítà òyìnbó ń lò nìyẹn. Ó sì fi ìwé ìròyìn hàn án, kì í ṣe tiyín. Àbúrò mi ń fi ìyẹ̀fun yìí po ẹ̀kọ mímu fún ọmọ náà ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà tó wà nílé ìwòsàn, ọmọ là ojú, ó ní ebi ń pa òun.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Apẹ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó máa ń wo ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Omi àti ṣúgà tí wọ́n ń fà sí i lára wà níbẹ̀. Àdúrà wà níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun ni àbúrò mi jẹ́rìí sí. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ẹ̀bi tèmi ni pé inú mi dùn débi tí mi ò fi bá a jiyàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní òpópónà kejì sí tiwa, tí ọkọ rẹ̀ ní mẹ́dọ̀wú oríṣi B láti ọjọ́ pípẹ́, kó owó àyẹ̀wò ọkọ lọ ra agolo mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ṣe fídáù ọkùnrin náà.

Ọmọ kan tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di eku mú wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báyìí. Òun ni mo pè lórí WhatsApp, mo ní kó bá mi ka ìwé ìwádìí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì yìí, kó sì sọ ọ́ fún mi bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko la fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́ rárá. Àwa tí à ń ròyìn rẹ̀ ló ń ṣì í sọ.

Ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ní 1976, àwọn oníṣẹ́ abẹ mú irú eku kan tí ibà pọ́njú ti ń bá láti inú ìyá rẹ̀ wá, nítorí pé ohun kan tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ máa ṣe kò sí lára rẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀dọ̀ eku tó ń ṣe dáadáa sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dà á sínú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun wọ ẹ̀dọ̀, pípọ́n náà sì rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti rí i pé kò di dandan kéèyàn pààrọ̀ odindi ẹ̀dọ̀ kó tó rí ìrànlọ́wọ́.

Èyí tó wú mi lórí jù wá láti Hangzhou, ní Ṣáínà, ní 2012. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n fún wọn ní májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀, wọ́n wá mú sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn eegun èèyàn. Ẹlẹ́dẹ̀ 15 ló gbà á láti inú iṣan ẹ̀dọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. 13 nínú wọn lo ju oṣù mẹ́fà lọ láyé. Àwọn mìíràn gba sẹ́ẹ̀lì kan náà láti inú iṣan tí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀. Àwọn mìíràn kò sì gba sẹ́ẹ̀lì rárá. Gbogbo oríṣi méjì yìí ló kú kí wákàtí 96 tó pé. Mo ní kí ọmọ yẹn tún un sọ. Ó tún un sọ. Àgò kejì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣe kedere. Èmi Ìyá Eléku fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ń sọ. Sẹ́ẹ̀lì kan náà, ẹranko kan náà, iṣan tó yàtọ̀ ló pààlà láàárín ìyè àti ikú. Kí la ó wá sọ fún ẹni tó ń gún èèyàn lápá nínú yàrá ẹyọ kan, tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí la ó sọ fún oníyẹ̀fun? Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbé mì, oúnjẹ ni lójú ikùn. Á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹran tó wà nínú ẹ̀fọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó sì ti gbẹ di ìyẹ̀fun nínú agolo, òkú ni. Ohun mìíràn tún wà: ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Hangzhou ní májèlé ni wọ́n fún wọn ní sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ àbúrò mi ti lo ọjọ́ mẹ́rin nílé kó tó rí dókítà. Ẹranko ìwádìí kì í kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ eléwé ọmọ.

Ní Yokohama, ní Japan, ní 2013, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ti dá padà sí ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì mìíràn, ó sì ṣù jọ fúnra rẹ̀ di èso ẹ̀dọ̀ kékeré. Wọ́n gbìn ín sínú èlírí tí oògùn ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, àwọn tó gbà á yè ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ní Edinburgh, ní Scotland, paracetamol tó fẹ́ pa ọmọ wa yẹn gan-an ni wọ́n fi ba ẹ̀dọ̀ èlírí jẹ́. Wọn ò fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rọ́pò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ ìdọ̀tí inú ara ni wọ́n fún wọn, àwọn wọ̀nyí sì kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́nà kí ẹ̀dọ̀ lè ráyè tún ara rẹ̀ ṣe. 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, bóyá torí pé agbálẹ̀ lèmi náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin á ní, àwọn èèyàn wá ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò lára èèyàn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti yẹ kí akọ̀ròyìn fara balẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n á gba inú rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Aláìsàn 171 ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n fi dán an wò, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ṣírò àwọn tó lo ẹ̀rọ, 71 ló ṣì wà láyé. Ká ní ibẹ̀ nìkan ni ìròyìn dúró sí, ijó ni à bá máa jó. Ṣùgbọ́n àgò kejì wà níbẹ̀: bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún ṣírò àwọn tí kò lò ó, 62 ló yè. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí àwọn oníṣirò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ní King's College ní London, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹ̀dọ̀ tí àwọn èèyàn fi tọrẹ, wọ́n fi nǹkan bí ògì tí wọ́n rí láti ara ewéko inú òkun bò ó, ó di ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní, kí àwọn ọmọ ogun ara má baà rí i bá jà. Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dà á sínú ikùn àwọn ọmọdé 8 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 2020: mẹ́rin nínú wọn kò nílò ẹ̀dọ̀ àfirọ́pò mọ́. Mo sunkún ayọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ní àgò kejì, kò sì sí ìyá tó máa gbà kí wọ́n fi ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi ń falẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó ń fi oògùn pa mọ́ fún wa, bí ọkùnrin kan ṣe ń sọ lórí rédíò.

Ẹ má sì rò pé mo kórìíra kí wọ́n máa fi ẹranko ṣèwádìí. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Ẹranko wo ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Paracetamol tó ń pa èlírí, eku ńlá lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kó sì máa wò ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fi oṣù méjì ṣòfò kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn àtijọ́ náà sọ ọ́. Ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń tàn ká, èyí tó ń run ẹ̀dọ̀, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà kan tí ibùdó wọn wà ní Yaba l'Ékòó wá okùnfà rẹ̀ títí lára àwọn ẹranko, wọn ò rí i mú. Ní 1927 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, wọ́n fi sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Dókítà Adrian Stokes kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́, Èkó ló kú sí lọ́dún yẹn kan náà. Ara kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa títí di òní. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lásán pé "ẹranko," láìsọ pé ọ̀bọ Íńdíà, ta ló máa lóye nǹkan kan níbẹ̀?

Olóòtú, ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Bó bá jẹ́ eku, ẹ kọ eku sí àkọlé, kó tóbi bí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ sọ iye wọn. Kí ẹ sì bi ẹni tó gbé ìròyìn náà wá pé, àwọn tí kò gba nǹkan kan ńkọ́, mélòó ló yè nínú wọn? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó mú ìròyìn rẹ̀ lọ ná. Ojú-ìwé tó bá wá ṣófo lọ́sẹ̀ náà, ẹ fi kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B wà, pé àwọn tí wọ́n bí kó tó di 2004 tó bọ́ sínú ètò àjẹsára ọmọ ọwọ́ nílẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú wọn ni kò gbà á rí. Ẹ fi kọ ọ́ pé kí wọ́n máa ka ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn.

Agolo ìyẹ̀fun àbúrò mi wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán ẹ̀dọ̀ pupa kan wà lára rẹ̀ àti ti òyìnbó tó wọ aṣọ funfun. Nọ́ńbà NAFDAC ni mi ò rí. Bí akọ̀ròyìn ìlera yín bá fẹ́ wò ó, kó wá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo ṣì ní ìwé tí mo fi ń ka eku láti 1991, n ó fi hàn án, àgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó kú àti iye tó yè. Kó má mú nǹkan wá. Kó ṣáà sọ fún àwọn ará ilé pé Ìyá Eléku lòun ń wá, kó má sọ pé agolo ló gbé òun wá, nítorí àbúrò mi kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà.

Èmi ni,
Ìyá Eléku,
Ìbàdàn.